Akàn Létí Gọ́tà Ilé Ṣífà

Nígbà láéláé, nígbà tí akàn ṣì ń rìn tààrà bí ewúrẹ́ tó ń relé, òkun kún kọjá ààlà rẹ̀ ní ìlú kan nílẹ̀ Íńdíà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi iyọ̀ ti wọ gbogbo kànga, ó sì ti bo adágún omi tí Ìyá Akàn ń gbé.

Omi dídùn nìkan ni akàn yìí mọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni, wọn kò tíì tó kóró àgbàdo, ara wọn sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bí iyọ̀ bá kàn wọ́n, wọn yóò kú. Ó kó wọn sábẹ́ ikùn, ó ń wá ibi tí yóò kó wọn sí kí oòrùn tó mú.

Ibì kan ṣoṣo ló rí. Ilé òrìṣà Ṣífà wà lórí òkè kékeré kan létí òkun náà, ìgbì kò sì dé ibẹ̀. Òkúta dúdú kan ló dúró fún Ṣífà nínú ilé yìí. Àwòrò a máa bu omi òjò láti inú ìkòkò ńlá, a máa dà á sórí òkúta náà látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí wọ́n ní ara Ṣífà gbóná, ìtutù ló ń fẹ́. Omi náà a gba inú gọ́tà tóóró kan jáde sí ẹ̀gbẹ́ ilé, a sì máa ro sínú kòtò kékeré. Inú kòtò yìí ni Ìyá Akàn da àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Ó mí kanlẹ̀.

Kò tíì mí tán nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

Ọjọ́ ńlá Ṣífà ni ọjọ́ náà. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí Ṣífà yóò kọ́kọ́ wẹ̀ nínú òkun, yóò sì fi aṣọ tútù yẹn yí ilé náà po. Láyé ìgbà náà, wọ́n ń yí i po tán ni. Bí wọ́n bá dé ibi gọ́tà, wọ́n á fò ó, wọ́n á sì máa lọ. Ẹni àkọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá, omi iyọ̀ kán tó, tó, tó láti etí aṣọ rẹ̀ sínú gọ́tà. Nínú kòtò, ọmọ akàn kan yí dà, ó dojú ikùn sókè.

Ìyá Akàn gbé e sí abẹ́ ibi tí omi ti ń ro, títí tó fi tún mira. Ó wo ọ̀nà. Èrò ń bọ̀ láti etí òkun bí ìjàlọ.

Ó sáré tọ Nándì lọ, akọ màlúù tó máa ń dùbúlẹ̀ síwájú ilé, tó ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Nándì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ bá mi dínà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Aṣọ èrò ń kán iyọ̀ sórí àwọn ọmọ mi."

Nándì kò yí ọrùn. "Ìyá Akàn, ojú mi kì í kúrò lára ẹni tó wà nínú ilé yìí. Bí mo bá yíjú lónìí nítorí tìrẹ, lọ́la ó di nítorí eṣinṣin."

"Ṣé ọmọ mi àti eṣinṣin wá dọ́gba?"

"N kò wí bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù níbi tó ti wúwo ni mo wí. Ìwọ náà lẹ́sẹ̀. Tèmi kàn lẹ́ran ju tìrẹ lọ ni."

Kannakánná rẹ́rìn-ín lórí òrùlé. "Ẹ fi màlúù sílẹ̀, Ìyá Akàn. Ariwo lènìyàn ń bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín lé wọn."

Ó bà sétí gọ́tà, ó ń ké. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ gbà pé àwọn baba ńlá àwọn ní í gbé àwọ̀ kannakánná wọ̀ wá kí àwọn. "Bàbá àgbà ti dé," ọ̀kan wí, "ebi ń pa wọ́n." Wọ́n da ìrẹsì sílẹ̀ fún un, wọ́n sì fo gọ́tà kọjá.

"Ẹ má bínú," Kannakánná wí, ẹnu rẹ̀ kún. "Bàbá àgbà kì í kọ oúnjẹ ọmọ."

Ló wá ku Ìyá Akàn nìkan. Ó jáde sójú ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó."

Ọkùnrin kan yà sí ọ̀tún. Kí Ìyá Akàn tó yí ara padà láti rìn tọ̀ ọ́, ó ti kọjá. Ẹlòmíràn yà sí òsì, bákan náà ló rí.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí ewúrẹ́ bá ń yọ́ bọ̀ nídìí èlùbọ́ tí ẹ sá, ṣé ẹ máa ń kọ ẹ̀yìn sí i? Ẹ ó dojú kọ ọ́ ni, bó bá sì ṣe ń sún ni ẹ̀yin náà ó máa fi ẹ̀gbẹ́ sún. Ohun tí Ìyá Akàn ṣe nìyẹn. Ó dojú kọ èrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ lọ, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Ó dùn ún dé egungun. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún pàkà, pàkà. Kò dúró.

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Pọ́nnì dé iwájú rẹ̀. "Kí ló dé, ìwọ tí egungun rẹ wà lóde ara yìí? Orúnkún mi tó ń ro mí yìí ni mo fi gun òkè wá, o wá ní kí n má yí ilé po tán?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ kàn wo inú kòtò."

Pọ́nnì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú kòtò. Ó pẹ́ kó tó nà ró. "Èmi náà ti bímọ rí," ó wí. Ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì bá ọ̀nà tó gbà wá padà. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, lòun náà bá padà. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà padà.

Àwòrò gbọ́, ó jáde pẹ̀lú ìbínú. "Ta ló ní kí ẹ má yí ilé Ṣífà po tán? Ààbọ̀ ìkíni ni ẹ ń kí i yẹn."

Ìyá Akàn kò kúrò níbẹ̀. "Bàbá Àwòrò, omi tí ẹ ń dà sórí òkúta, ṣé mímọ́ ni?"

"Mímọ́ ni. Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Tó bá wá jáde síta ńkọ́? Ibo gan-an ni mímọ́ rẹ̀ parí sí, tí ẹsẹ̀ fi lè gba orí rẹ̀ kọjá?"

Àwòrò fi ojú tọ omi náà láti gọ́tà dé kòtò. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń da omi náà, kò wá wo ibi tó ń lọ rí. Ó tẹjú mọ́ kòtò. Àwọn ọmọ akàn ń gun ara wọn lórí lábẹ́ omi tó ń ro. Ó rìn dé etí gọ́tà, ó dúró, ó forí balẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló yí ẹ̀yìn padà níṣojú gbogbo èrò.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Akàn fẹ́ rìn tààrà lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ tó ti ń wò ó látàárọ̀ náà kò mọ ìrìn mìíràn. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ jáde wá pàdé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ akàn ti kọ ìrìn tààrà, tó sì máa ń na ọwọ́ méjèèjì sókè bó bá rí ènìyàn. Ẹni tó bá sì lọ kí Ṣífà nílé rẹ̀, yóò rìn dé etí gọ́tà, yóò dúró, yóò sì bá ọ̀nà tó gbà wá padà. Ó lè má sí akàn kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tí í fo gọ́tà náà.