Ihò Kẹsàn-án tí Látúndé Là

Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí wa. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá, a ti gbọ́ ọ ní ìpàdé ẹbí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Àwọn kan ní oko ni wọ́n ti bí i, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ìgbódán kò gbà. Wọ́n ní lórí pápá gọ́ọ̀fù ìlú àwọn ni.

Nígbà tí àwọn òyìnbó onígẹdú ṣì wà ní Ìgbódán, wọ́n ní pápá kan lẹ́yìn ilé ìlapákó wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbá gọ́ọ̀fù ní ìrọ̀lẹ́. Eré náà kò ṣòroó mọ̀. Ènìyàn á fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan, á máa tẹ̀lé e, á máa gbá a lọ, títí yóò fi bọ́ sínú ihò tí asíá dúró lé. Ẹni tó bá gbá a níye ìgbà tó kéré jù ló borí. Ihò mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀nà gígùn tí bọ́ọ̀lù máa gbà dé ibẹ̀, Látúndé ló sì ń tọ́jú gbogbo wọn. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gé koríko, tó ń fi epo dúdú po iyanrìn yí ẹnu ihò ká kí ó lè tẹ́jú. Ó mọ ibi tí omi òjò máa ń dúró sí. Ó mọ ihò tó ń bí àwọn ọ̀gá nínú, ó sì mọ èyí tí wọ́n ń yìn kódà lọ́jọ́ tó bá fìyà jẹ wọ́n. Bó bá ti ń gé koríko lọ, ọkàn rẹ̀ á máa ya àwòrán ihò kan tí kò tíì sí láyé, tí yóò jẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà, ẹni tí ará ìlú ń pè ní Òyìnbó Onírùngbọ̀n, fún un ní ilẹ̀ létí odò pé kí ó la ihò kẹsàn-án àti ọ̀nà rẹ̀ sí i. Kò sí ọmọ ìlú tó ṣe irú rẹ̀ rí. Látúndé fi ìrókò kan tó wà lókèèrè ṣe àmì, ó yọ àdá, ó dojú kọ iwájú. Ibi tó bá bá iṣẹ́ dé lónìí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la, etí odò ni yóò sì gbà lọ sílé. Nígbà tó kan òkìtì ọ̀gán kan tó ga ju ènìyàn lọ, ó yà fún un díẹ̀, ó la àbàtà kan kọjá, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ri asíá mọ́ ìdí ìrókò. Lójú tirẹ̀, ọ̀nà náà gún gbọọrọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ṣí i, ọ̀gá gbá bọ́ọ̀lù sí àárín ọ̀nà gan-an. Ó gbá a re. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí òkìtì ọ̀gán, ó sì rì sínú àbàtà tí ẹnikẹ́ni kò rí láti ibi tí wọ́n dúró sí. Ẹni mẹ́ta mìíràn gbá a re bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù tiwọn náà sì rì. Ẹni karùn-ún, tí kò mọ eré náà rárá, gbá tirẹ̀ ṣìbáṣìbo sápá ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ yí gba orí ilẹ̀ gbígbẹ lọ jẹ́jẹ́, òun ló borí.

"Látúndé," ni ọ̀gá wí, "ihò yìí ò dáa. Tí ò bá tíì dáa ní Sátidé tó ń bọ̀, igi tíìkì la máa gbìn síbẹ̀."

Látúndé kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Ó dá a lójú pé líle ihò náà ni wọn kò fẹ́. Ó pinnu pé òun yóò dí odò kékeré tó wà níwájú asíá, òun yóò sì gé ìrókò lulẹ̀. Ó mọ̀ pé ihò náà yóò tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju tíìkì lọ. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó gbé àáké lọ sídìí igi náà. Ó jókòó tì í. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e.

Ibẹ̀ ló wà tí Àjíún ìyàwó rẹ̀ fi ti oko dé, ó gba ẹ̀yìn ìrókò yọ pẹ̀lú agbọ̀n ata lórí.

"Baba Dérìn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló la ọ̀nà yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Mo rò pé màlúù ni."

Látúndé wò ó tìbínútìbínú. "Ọ̀nà tó gún gbọọrọ yìí?"

"Ó gún níbo? Ẹ dìde, ẹ wá dúró síbi tí mo dúró sí. Ó lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Ṣé ẹ ò rí àbàtà ọ̀hún ni, tí ẹ fi ń darí àlejò lọ sínú ẹ̀?"

Kí ó lè pa á lẹ́nu mọ́ ló ṣe dìde. Ó kọjú sí ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Òkìtì ọ̀gán ti ń tì í sósì díẹ̀díẹ̀ láìfura, ọ̀nà náà sì forí lé àbàtà tààrà. Láti ìdí ìrókò, àbàtà náà ń dán nínú oòrùn bí àwo. Láti ìbẹ̀rẹ̀, òkìtì bò ó mọ́lẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

"Mo yà fún ọ̀gán ni," ó wí jẹ́jẹ́.

Àjíún sọ agbọ̀n kalẹ̀. "Mo mọ̀. Ẹni tó ń lànà, iwájú ló ń wò. Èmi tí mò ń tẹ̀yìn bọ̀ ni mo rí i. Kí lẹ wá fẹ́ fi àáké ṣe?"

"Wọ́n ní ó le jù."

"Ṣé wọ́n ní ó le ni, àbí wọ́n ní kò dáa?"

Látúndé rántí ihò kẹrin, tí kòtò ńlá wà níwájú rẹ̀. Kò sí èyí tó le tó o, síbẹ̀ òun ni àwọn ọ̀gá fẹ́ràn jù. Kòtò náà ṣí sílẹ̀ gbayawu ní ojú gbogbo ayé. Kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ, kì í sì í fìyà jẹ ẹni tó gbá a re.

Kò gé igi, kò sì dí odò. Ogójì ìṣísẹ̀ péré ló fi sún ibi ìbẹ̀rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, sórí ilẹ̀ kan tó ga, níbi tí òkìtì kò ti lè bo nǹkan kan mọ́. Ó tún ṣán ọ̀nà gbígbẹ kan, tó jìn tó sì yí ká, fún ẹni tí kò bá fẹ́ fò kọjá lórí àbàtà. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, òun àti Àjíún á rìn dé ìdí ìrókò, wọn á dúró, wọn á wẹ̀yìn.

Sátidé pé. Ọ̀gá dúró lórí ilẹ̀ gíga náà, ó wo ọ̀nà gbígbẹ, ó wo àbàtà. Ó yan àbàtà. Bọ́ọ̀lù fò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, ó sì já sínú ẹrẹ̀. Látúndé wo ojú ọ̀gá.

Ọ̀gá fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Mo rí i kí n tó gbá a," ó wí. "Ojúkòkòrò mi ni." Ó yọ bọ́ọ̀lù mìíràn. "Kí tíìkì lọ wá ibòmíràn. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyàwó mi ni, ọ̀gá. Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́."

Àwọn tó ń gbé àpò ọ̀pá gbọ́ ọ, wọ́n sì gbé e délé. Títí dòní, àwọn àgbà Ìgbódán kì í fi òwe náà bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fi gbogbo ọkàn ṣe nǹkan, tó wá ń bínú sí ẹni tó rí àléébù rẹ̀, òun ni wọ́n ń pa á fún. Wọ́n á ní kí ó sọ àáké kalẹ̀ ná, kí ó bi ẹni tó ń tẹ̀yìn bọ̀ léèrè ohun tó rí.