Ìkòkò Afọ́mọ́ ní Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Bí ẹ kò bá fẹ́ rí ìbínú Dókítà Mojírọ́lá, ẹ má pa òwe àjọjẹ létígbọ̀ọ́ rẹ̀.

Obìnrin yìí fẹ́ mọ̀ bóyá omi ewé afọ́mọ́ ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lóòótọ́. Ó pín ìgò fún àwọn àgbà Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi afọ́mọ́ ló wà nínú ti àwọn kan; omi lásán tó po àwọ̀ mọ́ ló fún àwọn yòókù, kó lè fi wọ́n wéra. Ó kìlọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: "Ẹ jọ̀ọ́, kálukú ni kó mu tirẹ̀!" Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Nígbà tó padà wá yẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn ló ti wálẹ̀ bákan náà. Háà! Ló bá tajú kán rí ìkòkò ńlá kan níwájú Ìyá Abọ́sẹ̀dé, àgbà obìnrin abà náà.

"Ìyá, kí lẹ ṣe?"

"Mo tọ́ ti àwọn kan wò, kò korò bí afọ́mọ́ rárá. O rẹ́ wọn jẹ, ọmọ mi. La bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, a tún un pín."

Dókítà káwọ́ lérí. "Ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́! Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó ṣiṣẹ́?"

"Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀, nígbà tí ara gbogbo wa yá?" Ìyá bu ife kan nínú ìkòkò, ó nà án sí i. "Gbà, mu ún. Pẹ̀lú igbe tí ò ń ké yìí, ẹ̀jẹ̀ tìrẹ náà á ti ru. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní."