Ilé Ẹlẹ́nu Méjì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbẹ́lẹ̀ gbùdù, kò hú iṣu, ọmọ Òkété ló hú.

Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní ihò gbígbẹ́. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ihò. Ìyá àgbà ní, "Ọmọ mi, ilé ẹlẹ́nu kan, sàréè ni. Gbẹ́ ẹnu kejì sẹ́yìn."

Ó gbẹ́ ẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe ẹlẹ́yà: "Ojo! Ta ló ń lé ọ?"

Lọ́jọ́ kan, Ejò gba iwájú wọlé. Ẹ bá mi gbè é!

Bàbá kọ́ mi, mo gbẹ́hò.
Gbùdù!
Ìyá kọ́ mi, mo díhò.
Gbùdù!
Ìyá àgbà fọ̀nà hàn mí.
Gbùdù!

Ọmọ Òkété gba ẹ̀yìn yọ. Ó dí ẹ̀yìn, ó sáré dí iwájú. Ejò há!

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré dé: "Jọ̀ọ́, kọ́ wa!"

Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá àgbà."

Bí mo bá parọ́, ẹ lọ bi Ejò. Ó ṣì wà níbẹ̀.