Àkísàtán Afíngbá

Kí abọ́ onírin tó dé, igbá ni ayé. Igbá la fi ń bu omi mu, igbá la fi ń bo oúnjẹ ọkọ, igbá fínfín ni ìyàwó sì ń to ẹrù rẹ̀ sí lọ sílé ọkọ. Ní ayé ìgbà dídùn yẹn, ọkùnrin kan wà ní ìlú Ìdí-Ahùn tó ń jẹ́ Àkísàtán. Iṣẹ́ igbá fínfín ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé, bó bá fín alángbá sára igbá, adìẹ ilé á fẹ́ ṣá a jẹ.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ yà yín lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ti sin ọ̀pọ̀ ọmọ kó tó bí i, wọ́n wá sọ ọ́ lórúkọ àbíkú kí ikú lè kórìíra rẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà, bí ẹnikẹ́ni bá yìn ín, ìyá rẹ̀ á yára dá a lóhùn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ọmọ burúkú ni." Ọmọ náà sì dúró. Ìyẹn ló wọ̀ ọ́ lára tó fi gbà pé ohun tí èèyàn bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun, kó máa bú u.

Bí oníbàárà bá dé ìsọ̀ rẹ̀, tó gbé igbá yẹ̀ wò, tó ní, "Igbá yìí mà dára o," Àkísàtán á ní, "Páńkara lásán ni, ẹ má wò ó." Igbá fífọ́ tí wọ́n fi ń kó ilẹ̀ ni páńkara. Oníbàárà tó ti ń tú owó á tún un dì, á yà sí ìsọ̀ Ọ̀jẹ́wálé ní òdìkejì ọ̀nà. Ọ̀jẹ́wálé ò mọ iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀. Bó bá fín ẹyẹ, ẹni tí kò bá béèrè á rò pé ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọjà rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ń dun Àwẹ̀ró, ìyàwó Àkísàtán. Ó bi í lọ́jọ́ kan pé, "Baba Ọlọ́nàdé, àbí iṣẹ́ yìí ò dùn mọ́ yín mọ́ ni?"

"Ó máa ń dùn mọ́ mi tí mo bá ń fín in lọ́wọ́," ni Àkísàtán dá a lóhùn. "Tí mo bá ti parí rẹ̀ tán, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí."

Nígbà tó yá, olórí àwọn afíngbá ìlú kú. Baálẹ̀ ní kí afíngbá kọ̀ọ̀kan gbé igbá kan wá sílé òun. Igbá tí òun bá fi gbé obì fún àlejò lọ́jọ́ ọdún, ẹni tó fín in ni yóò joyè. Bàbá Àkísàtán ti joyè náà rí, kò sì sí ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ láyé tó o. Ó wá igbá tó dọ́gba, ó rẹ ẹ́, ó ha inú rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì fi gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fín in. Ó fín ọ̀nà odò sí i, ó fín àwọn obìnrin tó ń pọnmi bọ̀, ó sì fín ìyá tirẹ̀ láàárín wọn, tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Nígbà tó parí rẹ̀, ẹ̀rù bà á, torí òun náà mọ̀ pé òun ò ṣe irú rẹ̀ rí.

Ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e lọ. Ìyálé Baálẹ̀ ló ń gba igbá lẹ́nu ọ̀nà, ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ọ̀jẹ́wálé gbé tirẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ìyá, igbá tó yẹ ọwọ́ Baálẹ̀ rèé." Ìyálé ní kí wọ́n gbé e wọ yàrá. Ó wá kan Àkísàtán. Ó dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ọn lẹ́nu ló sì sọ.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Páńkara lásán ni mo gbé wá."

"O káre," ni Ìyálé dá a lóhùn. "Tiwa ti fọ́ tán." Ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé.

Àkísàtán rò pé ìyá ń bá òun ṣeré ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ọdún, nínú igbá Ọ̀jẹ́wálé ni obì ti jáde. Àkísàtán wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí igbá tirẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n kó síta. Ó yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ló ti bá ọmọ ọ̀dọ̀ náà tó ń fi igbá rẹ̀ kó eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ó ti dọ̀tí débi pé Àkísàtán ò rí ojú ìyá rẹ̀ mọ́. Ó jókòó sílẹ̀.

"Ta ló ní kí o fi igbá yìí kó ilẹ̀?"

"Ìyálé ni, bàbá. Wọ́n ní ẹni tó gbé e wá ló pè é ní páńkara."

Ìyálé gbọ́ ohùn wọn, ó jáde wá. Ó bomi ṣan igbá náà, ó ń fi ìka tọ ojú ọnà tó wà lára rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó béèrè ìdí tí èèyàn fi lè pe irú iṣẹ́ báyìí ní páńkara. Àkísàtán sọ ti orúkọ rẹ̀ fún un, ó sì sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń bú u kó má baà kú.

"Ikú ni ìyá rẹ ń tàn, ọmọ mi," ni Ìyálé wí. "Èmi kì í ṣe ikú. Ohun tí o sọ fún mi ni mo gbà gbọ́."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ti fi Ọ̀jẹ́wálé joyè, Àkísàtán ò sì jẹ ẹ́ títí ó fi dolóògbé. Ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà tún dé, tó béèrè irú igbá tó gbé lọ́wọ́, Àkísàtán gbé ọ̀rọ̀ páńkara mì, ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ó dára." Àwẹ̀ró gbọ́ ọ láti inú ilé, ó dá iyán gígún dúró. Láti ọjọ́ náà ni ojú kò ti tì í mọ́ bó bá parí iṣẹ́, oníbàárà rẹ̀ kì í sì í sọdá ọ̀nà mọ́. Bí ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan bá sì ń fojú tín-ín-rín iṣẹ́ ara rẹ̀, á sọ ohun tó rí lẹ́yìnkùlé Baálẹ̀ fún un. Lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gba ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé, onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní páńkara, tí wọ́n fi ń bá a fi kó ilẹ̀.