Ògiri Ilé Olóhùn

Abíọ́nà, Ọdẹ́jìnmí àti Oyèkànmí jọ dàgbà ní ìlú kékeré kan tí ó fi ẹ̀yìn ti òkè olókùúta. Wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ oko, wọ́n jọ gbé ìyàwó ní ọdún kan náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí sì bẹ̀rẹ̀, ewú ti ń yọ ní irùngbọ̀n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdẹ́jìnmí a máa fara balẹ̀ bí ẹni tí ń wọ odò tí kò mọ jíjìn rẹ̀. Oyèkànmí ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹni kí ó tó dáhùn. Abíọ́nà ni ó wà láàrin wọn, onítìjú ènìyàn tí í máa gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò títí tí àkókò àtisọ ọ́ yóò fi kọjá.

Abíọ́nà ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Nígbà tí ó kó Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn padà wálé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Oyèkànmí ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí. Ilé kan ṣoṣo tí ó tọ́ sí i ni èyí tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí ìpẹ̀kun agboolé, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní Ilé Olóhùn. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó dá gbé ibẹ̀ kẹ́yìn, inú rẹ̀ ni ó sì kú sí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ títí eṣinṣin fi ròyìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wí pé, bí oòrùn bá ti ń rọ̀, ohùn kan a máa sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Òrùlé rẹ̀ ti jìn, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti wó lulẹ̀, ewúro sì ti hù ní iyàrá.

Mọ́gàjí agboolé náà kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Abíọ́nà, ilé bàbá rẹ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n o mọ àṣà wa. Ilé tí òjò àkọ́rọ̀ bá bá láìní òrùlé, tí ẹni tó ni ín sì wà nílùú, ẹni náà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Akíntúnjí ẹ̀gbọ́n rẹ ni yóò gba ilẹ̀ ibẹ̀."

Akíntúnjí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Mọ́gàjí. Ilé tirẹ̀ ni ó kángun sí Ilé Olóhùn, ó sì ti pẹ́ tí ó ti fẹ́ fi ilẹ̀ náà fẹ àgbàlá rẹ̀. Ó mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kò sí ìjà níbẹ̀, àbúrò mi. Ẹ̀rù ló kàn ń bà mí fún ọ. Ẹni tó wà nínú ilé yẹn kò fẹ́ràn àlejò."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ni Abíọ́nà wí, ó sì dìde.

Ọyẹ́ ń parí lọ nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Oyèkànmí yọ̀ǹda igi òrùlé àti koríko bẹẹrẹ tí ó ti kó jọ fún ilé tirẹ̀, Ọdẹ́jìnmí sì gbẹ́ kòtò amọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́, ohùn kan dún láti inú ògiri ẹ̀gbẹ́ tí ó ti sán. Kò ga, kò sì yára. "Ẹ jáde fún mi."

Oyèkànmí fò sẹ́yìn, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò sinmi. "Bí òkú yìí bá mọ amọ̀ ọ́n pò, kó bọ́ síta wá ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ń ro mí."

Ọdẹ́jìnmí di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú. "Ohunkóhun tí ì báà jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má dá jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ohun tí a bá gbọ́ níbí lọ síta."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n jọ rẹ́ ògiri iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n dí gbogbo ibi tó sán, wọ́n fi ọwọ́ ra á títí ó fi ń dán bí ẹ̀yìn igbá. Ohùn náà sì dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, Akíntúnjí a kọjá wá kí wọn. Yóò yí ilé náà ká, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ara ògiri wò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kò tíì tún sọ̀rọ̀?"

"Ó ti lọ wá ilé mìíràn, ẹ̀gbọ́n," ni Oyèkànmí yóò dáhùn. "Ẹ ṣọ́ tiyín o!"

Ó wá ku ògiri ẹ̀yìn. Gbogbo ẹni tó bá ti fi amọ̀ kọ́lé mọ̀ pé ìpele kan ní láti sùn kí ó le kí òmíràn tó gùn ún. Ògiri náà ti kan wọn ní àyà nígbà tí ìkùukùu dúdú kan yọ lórí òkè.

"Ẹ jẹ́ kí a gbé òmíràn lé e," ni Oyèkànmí wí. "Àbí ẹ kò rí ojú ọ̀run ni?"

"Amọ̀ yìí kò tíì gbẹ. Bí o bá gbé tútù lé tútù, yóò wó," ni Ọdẹ́jìnmí dáhùn.

"Bí a bá ń dúró dè ọ́, Ọdẹ́jìnmí, òjò ni yóò bá wa ṣí ilé. Bí o ṣe dúró de ìyàwó nìyẹn títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn!"

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tí o kánjú kọ́ àká, tí ewúrẹ́ fi ìdí tì í wó!"

Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ̀rín ni wọn ì bá fi parí rẹ̀. Ní ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ohùn wọn sì ga débi pé àwọn adìyẹ Akíntúnjí fò sórí ọgbà. Abíọ́nà dúró pẹ̀lú ìkòkò omi ní èjìká. Ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ: kí wọ́n fi ọjọ́ kan yìí gbẹ́ igi òrùlé títí amọ̀ yóò fi le. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó da omi sínú kòtò.

"Ó dára," ni Oyèkànmí wí. "Mú ìkángun tìrẹ, kí n mú tèmi."

Láti ọjọ́ náà, olúkúlùkù po amọ̀ tirẹ̀, olúkúlùkù sì mọ láti ìkángun tirẹ̀ bọ̀ láàrin. Nínú ìmọlé, ọwọ́ ẹnì kan ní láti ti amọ̀ tirẹ̀ wọnú ti ẹnì kejì, kí wọ́n lè di ara wọn mú. Nígbà tí àwọn méjì yìí pàdé láàrin, kò sí ẹni tó fẹ́ fi ìka kan amọ̀ ẹnì kejì. Kálukú gé etí tirẹ̀ gún, ó sì kẹ̀yìn sí i. Abíọ́nà ni ó fi amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Ní ojú gbogbo ènìyàn, ògiri ti di ọ̀kan.

Kò pẹ́ tí ohùn náà padà, ó sì ti mọ orúkọ wọn.

"Oyèkànmí," ni ó wí ní ìrọ̀lẹ́ kan, "ewúrẹ́ wó àká rẹ. Ṣé ilé tèmi ni o tún fẹ́ kọ́ fún ewúrẹ́?"

Oyèkànmí yíjú sí Ọdẹ́jìnmí. "Àwa mẹ́ta péré la wà níbí nígbà tí o fi àká bú mi. Ta ló sọ fún òkú?"

"Èmi ni o ń wò bẹ́ẹ̀?"

Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, Ọdẹ́jìnmí ni ohùn náà fi ìyàwó bú. Ó wá di pé òun náà ń fi ojú burúkú wo Oyèkànmí. Àyọ̀ká sì gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà, níbi tí ó ti gbé oúnjẹ wá fún wọn.

"Bàbá àwọn ọmọ mi," ni ó wí fún Abíọ́nà, "bí ẹ tilẹ̀ fi idẹ bo ilé yìí, n kò ní kó ọmọ wọ ibi tí òkú ti ń búni."

"Kò ní rí ilé tí yóò kó wọn wọ̀," ni Oyèkànmí wí. "Lọ́la ni mo ń kó igi mi àti koríko mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìkùukùu ti bo orí òkè pátápátá. Oyèkànmí dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi okùn di igi rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ká ọwọ́ gbera, ó ń wo ilẹ̀. Abíọ́nà lóṣòó kọjú sí ògiri ẹ̀yìn, ó ń ro bí yóò ṣe sọ fún Mọ́gàjí pé òun ti jọ̀wọ́ ilé bàbá òun. Nígbà náà ni orí pupa kan yọ láti inú ògiri tí ó rò pé ó dí. Aláǹgbá ni. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó wò yíká, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ibi tí ó ti jáde ti sán tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè délẹ̀, ìmọ́lẹ̀ òde sì ń gbà á wọlé.

Lójijì, ìmọ́lẹ̀ náà kú.

"Oyèkànmí," ni ohùn náà wí, "di ẹrù rẹ kí ó le. Ọ̀rẹ́ rẹ ti tà ọ́."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Oyèkànmí. Ọdẹ́jìnmí ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Abíọ́nà dìde, ó na ọwọ́, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ibi tó sán náà. Èémí gbígbóná bà á. Ó ń rùn fún obì.

Òkú kì í mí. Òkú kì í jẹ obì.

Ó yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi ìka kan ẹnu. Ó nawọ́ sí Oyèkànmí, ó tọ́ka sí apá òsì ilé. Ó nawọ́ sí Ọdẹ́jìnmí, ó tọ́ka sí apá ọ̀tún. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì yọ́ jáde. Ó wá ku Abíọ́nà nìkan níwájú ògiri, ó sì mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ bí ìṣe òun, ẹni tó wà lẹ́yìn yóò fura.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ má bínú sí wa. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí o kó ẹrù rẹ kí òjò tó dé."

"Níbo ni ẹ ní kí n kó ọmọ lọ, bàbá?"

"Ibi tí o ti wá kò..."

"Háà!" ni Oyèkànmí kígbe lẹ́yìn ilé. "Ẹ̀gbọ́n Akíntúnjí! Ẹ̀yin ni ẹ kú?"

Nígbà tí Mọ́gàjí dé, àárín àwọn méjèèjì ni Akíntúnjí wà, amọ̀ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ ètè àti imú rẹ̀. Gbogbo agboolé ti péjọ.

"Láti ìgbà wo ni o ti di òkú, Akíntúnjí?" ni Mọ́gàjí bi í. "Ta ló sì la ọ̀nà ẹnu fún ọ lára ògiri?"

Akíntúnjí nu ètè rẹ̀ nù. "Bàbá, mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo la ògiri yẹn. Nígbà tí wọ́n jọ ń rẹ́lé, mo yí i ká títí, n kò rí ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Ẹ bi àwọn méjèèjì yìí."

Oyèkànmí wo ògiri, ó rí ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí àti ibi tí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

"Òótọ́ ló sọ," ni ó wí. "Ọdẹ́jìnmí, mú ọkọ́ wá."

Wọ́n gbẹ́ ojú àlàfo náà kúrò. Inú kòtò kan ni wọ́n jọ bọ́ sí láti po amọ̀, ìka Ọdẹ́jìnmí sì wọ amọ̀ Oyèkànmí dé ọrùn ọwọ́. Àwọn ará agboolé tí ẹ̀rù ti ń lé sá tẹ́lẹ̀ gun orí ilé, àwọn kan ń so igi, àwọn kan ń ju koríko sókè. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ó bá òrùlé lórí ilé, ó sì bá Àyọ̀ká níbi tí ó ti ń koná nínú rẹ̀.

Abíọ́nà ròyìn bí ó ṣe rí aláǹgbá. Mọ́gàjí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Aláǹgbá kò ní ọkọ́, kò ní àdá. Ibi tí onílé bá là sílẹ̀ fún un ló ń gbà."

Ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ilé náà, ó di ti agboolé, ó di ti ìlú, títí ó fi dé ẹnu gbogbo wa lónìí, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti rí ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ ìyá tí ń kẹ̀yìn síra wọn, a máa ń sọ pé: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.