Aránṣọ Tó Ra Kọ̀ǹpútà fún Ọmọ Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Ìgbájọ, Àlàmú lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni, aṣọ iléèwé ọmọdé ló sì mọ̀ ọ́n rán jù. Gbogbo ìyá tó bá mú ọmọ wá fún ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún un: "Ẹ fi àyè sílẹ̀ o, ọmọ ń dàgbà." Òun náà yóò wá ká etí aṣọ náà sínú dáadáa, kí wọ́n lè máa tú u bí ọmọ bá ti ń ga. Gbogbo wa la mọ àṣà yìí. Ta ni nínú wa tí kò ki bébà sí iwájú bàtà rí, nítorí pé ìyá rẹ̀ ní yóò dàgbà bá a?

Ọkùnrin yìí ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Àmọ̀kẹ́. Àìsàn dá ọmọ náà dúbúlẹ̀, ó pẹ́ lórí ẹní, kò sì lè lọ síléèwé. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, tó tún ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá rẹ̀ kò mọ bí òun yóò ṣe dúpẹ́ tó. Nígbà mìíràn, yóò dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì lójijì, yóò ní, "Ọlọ́run, o ṣeun."

Ṣùgbọ́n ìwé ti ṣáájú ọmọ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka ìtàn, òun ṣì ń ṣa lẹ́tà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Olùkọ́ rẹ̀ ní bí kò bá lè kàwé kí sáà tó parí, kò ní lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí kíláàsì tó kàn. Ó gba bàbá nímọ̀ràn pé ẹ̀kọ́ ìwé kíkà wà lórí kọ̀ǹpútà tí ọmọ lè máa fi kọ́ra nílé. Àmọ̀kẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sunkún títí dé ilé.

Bàbá ní ọmọ tí Ọlọ́run dá padà fún òun, ohun tó dára jù ló tọ́ sí i. Ó dá lọ sọ́jà, ó sì gbé kọ̀ǹpútà tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù wálé, irú èyí tí àwọn tó ń ya àwòrán ilé ń lò. Ó ní, "Yóò dàgbà bá a."

Wọ́n gbé e ka orí tábìlì ní pálọ̀. Àmọ̀kẹ́ ní láti dúró lórí àpótí kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó bọ́tìnnì. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ náà yóò kú, iná ìlú wọn kì í sì í pẹ́ lọ. Bí iná bá dé, àwọn àbúrò bàbá yóò ti jókòó tì í, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó ń sá tọ ìwé wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un, sáà sì ń lọ.

Ìyá aránṣọ náà, tó ti wá bá wọn tọ́jú ọmọ nígbà àìsàn, ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní, "Àlàmú, o ṣe é, o ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bá tóbi jù, ẹ̀yin aránṣọ máa ń ká a. Èwo ni kí ọmọ yìí ká lára èyí?"

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó rí i pé aṣọ tó tóbi ṣì lè bo ọmọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò lè kọ́ ọmọ òun ní nǹkan kan lónìí, bẹ́ẹ̀ sáà yìí gan-an ni wàhálà wà. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni."

Ó gbé ẹ̀rọ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbà láti bá a pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú Àmọ̀kẹ́ dání. Ó ní kí ó gbé oríṣiríṣi lọ́wọ́, ó ń wo ìka rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀. Èyí tí wọ́n mú kò ju síléètì lọ. Ìka ni wọ́n fi ń tẹ ojú rẹ̀, bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, ó ń pe lẹ́tà sókè, kò sì ní ṣí ohun mìíràn ju ẹ̀kọ́ lọ àfi bí bàbá bá yọ̀ǹda.

Ọlọ́jà ní, "Ọ̀gá, ṣé kékeré yìí lẹ máa gbé?"

Ó dá a lóhùn pé, "Èmi kọ́ ni mo fẹ́ lò ó."

Láti ọjọ́ náà, ọmọ ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́, bàbá náà ń gbọ́, ó ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Nígbà tí sáà parí, olùkọ́ fún Àmọ̀kẹ́ ní ìwé. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó sì ṣí ojú ewé kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó ṣí i. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, omijé ayọ̀ ò jẹ́ kó ríran.

Ìwọ náà, ọmọ mi, o bi mí pé irú kọ̀ǹpútà wo ló yẹ kí o rà fún àwọn ọmọ rẹ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wo ọwọ́ wọn, wo iná ilé rẹ, bi olùkọ́ wọn léèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ báyìí. Má rà á fún dókítà tí o ń retí pé ọmọ náà máa dà. Ọmọ kékeré tó wà nílé rẹ ni Ọlọ́run fún ọ. Bí o bá ń dúpẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, kọ́kọ́ wò ó dáadáa.