Òkúta Etí Ìró

Ọkùnrin kan ń gbé ní abúlé kan tí omi ti ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí odò abúlé náà gbẹ, gbogbo wọn pa ẹnu pọ̀ láti gbẹ́ kànga. Àwọn ọkùnrin sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì walẹ̀. Àwọn obìnrin ló lọ́ okùn tí wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀, àwọn náà ló ń fi agbọ̀n ru erùpẹ̀ lọ dà sẹ́yìn abúlé. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é. Ìyá ọkùnrin yìí ru erùpẹ̀ débi pé irun àárín orí rẹ̀ re, kò sì hù mọ́.

Lọ́jọ́ tí omi sun, àwọn tó wà nísàlẹ̀ mú òkúta wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan níbi tí omi ti ń jáde. Ìyá náà rí irú rẹ̀ kan nínú agbọ̀n tó rù kẹ́yìn. Ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀.

Wọ́n wá fi òfin lélẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, wọn yóò yan ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kànga yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkòkò kan fún olúkúlùkù ẹni tó bá ń du ipò náà. Ẹni tó wọ inú kànga yóò sọ òkúta rẹ̀ sínú ìkòkò ẹni tó wù ú. Bí wọ́n bá kà wọ́n tán, kálukú á gba òkúta padà. Ọkùnrin tí à ń sọ yìí ni wọ́n fi ṣọ́ ìkòkò, nítorí kì í ṣègbè. Òun fúnra rẹ̀ ló fi gbólóhùn kan kún òfin náà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn sọ òkúta rẹ̀, bó ti wù kó rí. Òfin dáadáa ni.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fẹ́ràn oorun. Oòrùn á ti mú kó tó wá ṣí kànga. Èyí kò ni àwọn ọkùnrin lára, nítorí wọn kì í pọnmi. Àwọn obìnrin ló ń dúró ti korobá òfìfo, tí wọ́n fi ń pẹ́ dé oko àti ọjà.

Nígbà tí ọdún kẹta pé, ìyá náà tò sẹ́yìn àwọn ọkùnrin. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó na òkúta sí ọmọ rẹ̀. Bàbá kan tó wà lórí ìlà bi í bóyá ìyá náà wọ inú kànga rí ni, àbí kí àwọn wá okùn tó yi tí yóò gbé e sọ̀kalẹ̀ báyìí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Ìyá náà ní, "Okùn tó gbé ìwọ sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ ta ló lọ́ ọ?"

Ẹ̀rín náà túbọ̀ pọ̀, bàbá náà sì ń wo ilẹ̀. Aṣọ́-ìkòkò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó mọ̀ pé òtítọ́ ni ìyá òun sọ. Ó mọ̀ pé òkúta náà kò yàtọ̀ sí ti òun. Ṣùgbọ́n ó wo àwọn àgbààgbà tó jókòó, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó ń gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ kí ti ọdún yìí kọjá."

Ìyá náà di òkúta rẹ̀, ó lọ sílé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó tún wá, ọmọ rẹ̀ sì tún fi ọ̀rọ̀ kan náà bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ gbé e mọ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ti ọdún yìí ṣì ń kọjá lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà gún ọkùnrin náà. Ó dìde ní ìpàdé àwọn àgbà, ó ní ẹni tó ru erùpẹ̀ kànga ti bá wọn gbẹ́ kànga. Ó ti múra ìjà sílẹ̀. Kò sí ìjà. Bàbá tó ń wá okùn lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Wọn kò tíì jẹ obì tó wà nílẹ̀ tán tí ọ̀rọ̀ fi parí. Ọkùnrin náà jókòó, ojú sì tì í, nítorí ọdún mẹ́fà ló fi bẹ̀rù ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n yan olùtọ́jú kànga nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

Nítorí ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ ẹ́, wọ́n fi obìnrin àgbàlagbà kan, ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀, ṣọ́ ìkòkò lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin náà sọ òkúta tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na èkejì.

Obìnrin náà bi í pé, "Òkúta ta nìyí?"

"Ti ìyá mi ni."

"Òun gan-an dà?"

Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu ìkòkò. Ó ní, "Òfin tìrẹ ni, ọmọ mi. Òfin dáadáa sì ni."

Olùtọ́jú tuntun ń ṣí kànga ní ìdájí. Láràárọ̀ ni ọkùnrin náà ń gbọ́ ìró korobá bó ti ń kan omi. Kò sí ẹni tó dá a lẹ́bi. Òkúta náà wà lójú fèrèsé rẹ̀, kò sì sí ìkòkò tí yóò gbà á mọ́.

Ìwọ akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú wa, ìwọ ni mo ń bá wí. Ọwọ́ rẹ ni ìwé orúkọ àwọn tí yóò dìbò wà. O ti sọ fún àwọn ìyàwó ilé, àti fún àwọn tó ti ibòmíràn wá bá wa tẹ̀dó tí wọ́n ń bá wa ṣe gbogbo iṣẹ́ ìlú, pé kí wọ́n jẹ́ kí ti ọdún yìí kọjá. Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ sọ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà nílẹ̀ ní Èkó láyé ọjọ́un, nígbà tí obìnrin kò lè dìbò, tí ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un kò tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún kò sì lè dìbò. Òun náà ló dá àwọn obìnrin òkè Ọya dúró: òmìnira dé, ìbò kò dé ọ̀dọ̀ wọn títí ọdún fi gorí ọdún. Nígbà tó dé, mélòó nínú àwọn tó ń retí rẹ̀ ló ṣẹ́ kù?

Ẹ̀tọ́ tí o dá dúró ń bá ẹni tó ni ín darúgbó ni. O ní o kò fẹ́ kí àwọn àgbà bínú. Ṣé o ti bi wọ́n?

Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé. Dìde, kí o sọ ọ́. Má dúró títí ìwọ náà yóò fi gbé òkúta olóòkúta wá, tí wọn yóò sì bi ọ́ pé: òun gan-an dà?